Wọ́n gé igi lẹ́yìnkùlé aládùúgbò mi, mo fẹ́ fi gbẹ́ ọrun

ỌmọÌsẹ́yìn_Missouri | 16/01/2022

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lánàá ni aládùúgbò mi, bàbá òyìnbó kan tó ń sin màlúù, gé igi kan tí ìjì ti dà lé wáyà ọgbà rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo igi náà. Ó lẹ́gùn-ún ju igi ọsàn lọ, èso rẹ̀ tóbi tó ìkúùkù àgbàlagbà, ó rí wúruwùru bí ọpọlọ ẹran, kò sì sí ẹni tó ń jẹ ẹ́. Àṣé inú rẹ̀ ni nǹkan wà. Bí ayùn ṣe wọ inú rẹ̀ báyìí, ńṣe ló pọ́n yòò bí pupa ẹyin adìẹ ìbílẹ̀.

Mo bi bàbá náà pé igi kí ni. Ó ní “bodark”, pé ọrun ni wọ́n fi ń gbẹ́ láyé àtijọ́. Ó fún mi ní ìtì méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà méjì. Ẹ̀gbẹ́ gáréèjì ni mo tò wọ́n sí. Mo ní àáké, ayùn ọwọ́, àti ìtara. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe jẹun. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbẹ́ rí ni orógùn, orógùn náà kò sì jọ orógùn. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹlẹ́rìn-ín_Òṣogbo | 16/01/2022

Ṣé ìwọ kọ́ lo kọ ọ́ síbí lọ́dún tó kọjá pé eku wọ ilé ìdáná yín, pé ìyàwó rẹ ló pa á? Ọrun kẹ̀! Ẹ̀yin ẹran ìgbẹ́ Missouri, ẹ máa sùn dáadáa.

ÀgbàỌdẹ_Texas | 16/01/2022

Ọmọ mi, má tíì ka èyí tán. Dìde, wá ọ̀dà tàbí gúlù tí wọ́n fi ń lẹ igi, kí o sì fi kun ojú ibi tí wọ́n gé ìtì méjèèjì, lórí àti nídìí. Ojú ibi tí a gé ni omi ti máa ń yára jáde jù. Ibẹ̀ á gbẹ, á súnkì, ìyókù igi ò sì tíì ṣe tán láti súnkì, bó ṣe máa là nìyẹn. Igi mẹ́ta ni mo ti sọ nù lọ́nà bẹ́ẹ̀ kí n tó gbọ́n.

Ó dáa, o ti dé? Etí odò Red River lọ́dọ̀ wa níbí, láàárín Texas, Oklahoma àti Arkansas, ni igi yẹn ti wá. Osage orange ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, orúkọ ẹ̀yà Osage ni. Nígbà tí àwọn Faransé rí i pé òun ni àwọn onílẹ̀ fi ń gbẹ́ ọrun, wọ́n pè é ní bois d'arc, igi ọrun. Ẹnu àwọn àgbẹ̀ ló wá sọ ọ́ di bodark. Àwọn àgbẹ̀ yẹn náà ló gbìn ín káàkiri bí ọgbà kí wáyà ẹlẹ́gùn-ún tó gbòde lẹ́yìn 1874. Ìdí nìyẹn tí o fi bá a lẹ́bàá oko màlúù, ní Missouri tí kì í ṣe ilé rẹ̀.

Lílà ló kàn. Má fi ayùn là á o! Ayùn ò mọ ibi tí iṣan igi ń gbà, ó kàn ń lọ ni. Ra irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń la igi, mẹ́rin, àti òòlù ńlá. Gbá àkọ́kọ́ wọ orí ìtì náà. Bó bá ti lanu, fi èkejì síwájú rẹ̀, kí o máa bá ìlà náà lọ títí dé ìdí. Igi fúnra rẹ̀ ló máa fi ọ̀nà hàn ọ́. Lẹ́yìn náà, tún ìlàjì kọ̀ọ̀kan là sí méjì.

ỌmọÌsẹ́yìn_Missouri | 23/01/2022

Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti kun orí rẹ̀, mo sì ti là á. Mi ò mọ̀ pé igi máa ń ké! Bí irin ṣe ń wọlé ló ń dún bí ìgbà tí aláṣọ bá ń fa àǹkárá tuntun ya. Ìtì kan là gbọọrọ, ó fún mi ní ẹ̀là mẹ́rin tó dáa. Èkejì yí bí okùn, ẹ̀là méjì péré ló ṣeé wò lára rẹ̀. Ìyàwó mi ní òun ò fẹ́ rí igi kankan ní pálọ̀. Ẹ̀yìn àga ni mo fi wọ́n sí.

Káfíńtà_Mushin | 24/01/2022

Mo wo fọ́tò tí o fi síbí, mo rí oje funfun lábẹ́ èèpo rẹ̀. Mo fi han àbúrò mi tó kọ́ nípa igbó àti igi ní yunifásítì, ó ní ẹbí kan náà ni igi yẹn àti ìrókò wa, àti ọ̀pọ̀tọ́, àní àti igi ìpín tí àwọn bàbá wa ń fi ewé rẹ̀ kún igi kí sáńpépà tó dé. Ẹ wo ayé! Ìbéèrè mi ni pé, bó bá jẹ́ ẹbí ni wọ́n, ṣé ìrókò ò lè di ọrun ni? Mo ní èérún rẹ̀ rẹpẹtẹ ní ṣọ́ọ̀bù.

ÀgbàỌdẹ_Texas | 24/01/2022

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, ẹ̀yin gan-an lẹ mọ ìdáhùn yẹn. Tí ẹ bá ń fá ìrókò, ṣé kì í ya nígbà míì, tí ẹ óò yí i padà, tí á tún ya níbòmíì? Iṣan rẹ̀ kì í lọ tààrà: ìpele kan á dagun sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e á dagun sósì. Ó dáa fún ilẹ̀kùn, ó dáa fún àga. Ọrun ń fẹ́ iṣan tó gùn láti orí dé ìdí, torí nígbà tí a bá fà á, ẹ̀yìn rẹ̀ ń nà, inú rẹ̀ ń fún pọ̀. Ibi tí iṣan bá ti gé lẹ́yìn ni yóò ti ṣẹ́.

(Ẹ jọ̀wọ́, kó má dàrú mọ́ yín lójú: ẹ̀yìn ọrun ni ojú tó kọ sí ohun tí à ń ta. Inú rẹ̀ ló kọ sí ẹni tó dì í mú.)

Arákùnrin_Olódodo | 25/01/2022

Mo kàn ń ka gbogbo èyí ni, ẹ̀rù sì ń bà mí fún yín. Ọrun àti ọfà, ṣé kì í ṣe ti Òṣóòsì ni? Ọmọ Ìsẹ́yìn, ṣọ́ra kí o má fi eré pe ohun tí o ò lè lé lọ.

ÌyáÌbejì_Portsmouth | 25/01/2022

Arákùnrin, ẹ rọra. Ísọ̀ ńkọ́? Bàbá rẹ̀ ló ní kó mú apó àti ọrun rẹ̀ lọ sóko ọdẹ. Jónátánì ńkọ́, tí Dáfídì sunkún ọrun rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gbẹ́ igi rẹ̀.

Èmi náà fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Ní Portsmouth níbí, mo mú àwọn ọmọ lọ wo Mary Rose, ọkọ̀ ogun Ọba Henry VIII tó rì ní 1545, tí wọ́n gbé jáde lábẹ́ òkun ní 1982. Ọrun tó lé ní 130 ló wà nínú rẹ̀, igi yew ni gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ga ju ọkọ mi lọ, ọkọ mi kì í sì í ṣe kúkúrú. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé wọ́n fi ara funfun abẹ́ èèpo sílẹ̀ sí ẹ̀yìn ọrun, inú rẹ̀ wá jẹ́ pupa. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti Missouri ṣe máa rí?

ÀgbàỌdẹ_Texas | 26/01/2022

Rárá o, Ìyá Ìbejì, ẹ sì ṣé tí ẹ béèrè. Ara funfun ti yew ń nà dáadáa, ó ń bá pupa inú rẹ̀ ṣiṣẹ́ bíi tọkọtaya. Ti Osage kò wúlò fún wa tó bẹ́ẹ̀. Fífá ni wọ́n máa ń fá a kúrò títí wọ́n á fi dé ara òfeefèé.

Ọmọ Ìsẹ́yìn, ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Ní ilẹ̀ olótùútù, ọdọọdún ni igi ń fi òrùka kan kún ara rẹ̀. Apá tó bá hù nígbà ìrúwé á ní ihò wínníwínní. Èyí tó bá hù nígbà ooru á le, á sì dán. Òrùka ọdún kan ṣoṣo ni ẹ̀yìn ọrun rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ láti ìkángun dé ìkángun. Ọ̀bẹ olọ́wọ́ méjì ni kí o lò, kí o máa fà á sọ́dọ̀ ara rẹ. Má wo ojú nìkan, fetí sílẹ̀. Tí ọ̀bẹ bá wọ ara oníhò, á máa dún bí ẹni ń jẹ gaàrí gbígbẹ. Tó bá ti kan ara líle, ariwo yẹn á dákẹ́. Ibẹ̀ ni kí o dúró sí. Tó bá kan kókó igi, má gé kókó náà tẹ́jú. Jẹ́ kí òrùka gun orí rẹ̀ kọjá bó ṣe wà.

Ará_Bàhíà | 27/01/2022

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn ní Salvador, ní Brazil. Òṣóòsì tí Arákùnrin dárúkọ, ọba Kétu ni wọ́n ń pè é níbí, ọdẹ ọlọ́fà kan ṣoṣo tí kì í tàsé. Ọrun àti ọfà rẹ̀ tí a so pọ̀ ni wọ́n ń pè ní ofá, irin tàbí idẹ ni wọ́n sì fi ń rọ ọ́, kì í ṣe igi. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ Bàbá Texas ni pé igi kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní ipê, orúkọ rẹ̀ kejì ni pau-d'arco. Igi ọrun! Àwọn onílẹ̀ Brazil ló ń fi gbẹ́ ọrun, àwọn Potogí wá fún un lórúkọ gẹ́lẹ́ bí àwọn Faransé ṣe ṣe lọ́hùn-ún, igi méjèèjì ò sì bára tan.

ỌmọÌsẹ́yìn_Missouri | 20/02/2022

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lé òrùka kan. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ gaàrí yẹn, Bàbá. Ọmọ mi obìnrin tiẹ̀ ti mọ̀ ọ́n: tó bá ń gbọ́ “rùm-rùm” láti gáréèjì, á ní, “Dádì ò tíì dé ibẹ̀.” Tí mo bá dákẹ́, á wá wò ó.

Mo fi okùn na àárín rẹ̀, mo sì fi pẹ́ńsù ya ọrun náà sí i: íǹṣì 66 ní gígùn, ibi ìdìmú íǹṣì mẹ́rin, apá kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó íǹṣì kan àtààbọ̀, ó wá ń tín-ín-rín lọ sí ìdajì íǹṣì ní ìkángun. Ibì kan wà lókè ìdìmú, bíi ìka méjì, tí ọ̀bẹ mi jìn díẹ̀ wọ òrùka kejì. Kò tó nǹkan.

Káfíńtà_Mushin | 20/02/2022

“Kò tó nǹkan.” Àwọn ọmọṣẹ́ mi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

ỌmọÌsẹ́yìn_Missouri | 02/04/2022

Ó ti ṣẹ́.

Íǹṣì 25 ni mo fà á dé. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ pé ó ń rò mí wò. Ó ké gbàù bí ìbọn, apá òkè fò lọ kọ́ fìríìjì gáréèjì, ó sì dápàá sí i lára. Ọpẹ́ ni pé mo wọ gíláàsì ojú. Ìyàwó mi sáré jáde pẹ̀lú omi ọṣẹ lọ́wọ́. Ó wo fìríìjì, ó wò mí, ó padà sínú ilé láìsọ̀rọ̀. Ó sàn kó bú mi.

Ẹlẹ́rìn-ín_Òṣogbo | 02/04/2022

Pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rẹ́ mi. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Tìrẹ yàtọ̀: ọsán ò já, ọrun sì dọ̀pá méjì.

Adé_KòGbọ́ | 02/04/2022

Kí ni ọsán? Ọ̀sán kẹ̀?

Ẹlẹ́rìn-ín_Òṣogbo | 02/04/2022

Okùn ọrun. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí.

ÀgbàỌdẹ_Texas | 03/04/2022

Mo wo fọ́tò náà. Ibi ìka méjì yẹn gan-an ni. Ṣé o rí bí ó ṣe ṣí bí ojú ìwé láti etí òrùka tí o gé? Nǹkan kejì: oṣù kan àtààbọ̀ péré ni o fún un láti gbẹ. Ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kó ṣẹ́, àmọ́ tí kò bá tiẹ̀ ṣẹ́, ì bá tẹ̀ sílẹ̀ láì padà, torí inú igi tútù kì í lè farada fífún pọ̀.

Gbé ẹ̀là kejì. Lé òrùka rẹ̀, gbẹ́ ẹ dé ìrísí ọrun tó ṣì nípọn, fi ṣẹ́láàkì bo ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà là, kí o wá gbé e sínú ilé. Má ka oṣù. Wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá kọ̀ láti dínkù mọ́, ó ti gbẹ nìyẹn.

ỌmọÌsẹ́yìn_Missouri | 28/08/2022

Ẹ̀yin ará, mo ṣì wà. 24/04 ni mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n: gíráàmù 2,610. Oṣù kẹfà, 2,340. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kọjá yìí, 2,190, 2,190, 2,190. Ìyàwó mi gan-an ló ń wọ̀n ọ́n báyìí. Ó ní tí òun bá ń wọn ìyẹ̀fun, kò sí ohun tó burú nínú kí òun wọn igi.

ÀgbàỌdẹ_Texas | 29/08/2022

Ó yá. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ná: fi ìkángun kan gún ilẹ̀, fi ọwọ́ ti ìdìmú díẹ̀, kí o wo apá náà. Tí méjèèjì bá ti ń tẹ̀ díẹ̀, gbẹ́ ẹnu tí ọsán máa kọ́ sí, fi okùn gígùn sí i, gbé e lé pátákó lára ògiri, kí o máa fi okùn tó gba orí kẹ̀kẹ́ kékeré bíi ti ẹnu kànga fà á nígbà tí ìwọ dúró sí òkèèrè. Lọ́nà yẹn wàá máa rí ìtẹ̀ rẹ̀, tí ó bá sì ṣẹ́, fìríìjì nìkan ló máa kàn.

Òfin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o mọ̀: má fà á kọjá agbára tí o fẹ́ kó ní, láéláé, ì báà jẹ́ pé íǹṣì mẹ́wàá péré ló dé. Tí ó bá ti kan pọ́n-ùn 45 lórí òṣùwọ̀n, dá a padà, fá inú rẹ̀ níbi tó le, kí o fà á bíi ìgbà ọgbọ̀n ní jẹ́jẹ́ kí igi mọ ohun tí o ṣe fún un, kí o tó tún wò ó. Ibi tó bá ń tẹ̀ jù, má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti di èèwọ̀ fún ọ̀bẹ.

Káfíńtà_Mushin | 29/08/2022

Tó bá ku díẹ̀, ju ọ̀bẹ sílẹ̀, kí o lo àfọ́kù ìgò. A ń fi fá igi àga tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ń fá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí irun.

ỌmọÌsẹ́yìn_Missouri | 09/10/2022

Ó ti di ọrun.

Òṣùwọ̀n báàgì tí a fi ń wọn ẹrù kí wọ́n má baà dá wa dúró ní pápákọ̀ òfuurufú ni mo so mọ́ okùn. Pọ́n-ùn 42 ní íǹṣì 28. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni fífá yẹn gbà, ogún ìṣẹ́jú lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Apá ìsàlẹ̀ ló fún mi níṣẹ́ jù, ibì kan ń fẹ́ tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, nítorí náà mo ní láti fá gbogbo ibòmíì kí ó lè bá a mu. Mo fẹ́ kó jẹ́ 45, mẹ́ta yẹn ni mo san fún ìgbọ̀nwọ́. Kókó igi kékeré kan wà lápá òkè, mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ó ga díẹ̀ bí ìdodo ọmọ. Àfọ́kù ìgò ṣiṣẹ́ bí àdúrà, Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà.

Mo ra okùn Dakirọ́ọ̀nù, mo fi fọ́nrán mẹ́rìnlá lọ́ ọsán. Tí mo bá dè é, àlàfo tó wà láàárín ìdìmú àti ọsán jẹ́ ìkúùkù mi àti àtàǹpàkò tó nà sókè. Bí mo bá ti ta tán, mo máa ń tú u.

Káfíńtà_Mushin | 10/10/2022

Ẹ kú orí ire! Èmi ńkọ́ báyìí? Òrùka ọ̀pọ̀ igi lọ́dọ̀ wa kì í hàn dáadáa, ọdún wa ò ní òtútù. Mo fẹ́ ṣe ti àwọn ọmọ mi.

ÀgbàỌdẹ_Texas | 10/10/2022

Ẹ má lé òrùka kankan. Ẹ wá igi tẹ́ẹ́rẹ́, bí ọrùn ọwọ́, tó tọ́, tó sì máa ń tẹ̀ láì ṣẹ́. Àtòrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ bó èèpo rẹ̀ jẹ́jẹ́, ohun tó bá wà lábẹ́ èèpo yẹn ti di ẹ̀yìn ọrun, ẹ má fi irin kàn án, inú nìkan ni kí ẹ fá. Tàbí kí ẹ la ọparun. Ara òde rẹ̀ tó dán yẹn le ju ọ̀pọ̀ igi lọ tí a bá nà án, òun ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀yìn. Kí ọrun àwọn ọmọ rọ̀ o, pọ́n-ùn 15 ti tó, kí ẹ sì kìlọ̀ fún wọn pé a kì í fa ọrun kí á jù ú sílẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀. Gbogbo agbára tí ọfà ì bá gbé lọ, ara igi ló ń padà sí.

Ẹlẹ́rìn-ín_Òṣogbo | 10/10/2022

Ọmọ Ìsẹ́yìn, kí lo ti pa?

ỌmọÌsẹ́yìn_Missouri | 11/10/2022

Páálí. Mo to páálí fìríìjì tuntun jọ (ẹ má béèrè), mo ń ta á ní mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nínú ọfà mẹ́fà, méjì ń wọlé.

Lánàá ni mo pe bàbá mi nílé lórí fídíò, mo fi ọrun náà hàn wọ́n. Wọ́n ní kí n sún un mọ́ fóònù. Wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní kí n yí inú rẹ̀ sí wọn, wọ́n béèrè ìdí tí mo fi fi ìdodo yẹn sílẹ̀. Mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, “Ó dáa. Kí lo fi ń ta?” Mo ní páálí ni, sà.

Wọ́n ní, “Páálí ò ṣe é sè.” Wọ́n wá ní kí n gbé fóònù fún ìyàwó mi.